Láti Orí Bébà Dé Inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Àkọsílẹ̀ Àwọn Oníredíò

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1901, Guglielmo Marconi fetí sí ẹ̀rọ rẹ̀ ní St. John's, ní Newfoundland, ó sì ní òun gbọ́ lẹ́tà S tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ láti Cornwall, ní òdì kejì òkun Àtìláńtíìkì. Títí di òní, iyàn kò tíì tán lórí ọ̀rọ̀ náà. Etí lásán ni òun àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi gbọ́ ọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń lé àkọsílẹ̀ rédíò síwájú: báwo ni àjòjì méjì tí kò fojú kan ara wọn rí yóò ṣe fi hàn pé lóòótọ́ ni àwọn jọ sọ̀rọ̀?

Àwọn tó jogún ìbéèrè yìí ni àwọn tí à ń pè ní ham: àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ àti àmì ìdánimọ̀, tí wọ́n ń fi rédíò bá ayé sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, láìgba owó. Ọdún 1914 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, ARRL, sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní ilẹ̀ Faransé àti Fred Schnell ní Amẹ́ríkà di ham àkọ́kọ́ tó bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Àtìláńtíìkì. Láyé ìgbà náà, ìwé ńlá kan kì í kúrò lórí tábìlì oníredíò: ọjọ́, aago, àmì ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ìgbì tó lò, bí ohùn ṣe lágbára tó. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan títí di àwọn ọdún 1980. Àmọ́ ìwé ẹnì kan kò tó ẹ̀rí, ni wọ́n bá ń fi káàdì QSL, káàdì ìjẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí ARRL dá àmì-ẹ̀yẹ DXCC sílẹ̀ ní 1937 fún ẹni tó bá ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, káàdì ibi tó jìn di wúrà. Òmíràn ń lo oṣù mélòó kan lọ́nà. Òmíràn kì í dé rárá.

Irú ibi tó jìn bẹ́ẹ̀ ni etíkun Lárúbáwá. Lábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì, MP4 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ àmì àwọn oníredíò ibẹ̀, bí ti Nàìjíríà ṣe jẹ́ ZD2 kó tó di 5N lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí Àwọn Ẹ́mírétì para pọ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1971, A6 rọ́pò MP4. Ìdí nìyí tí ètò àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tó dáa fi máa ń wo ọjọ́ kó tó sọ ilẹ̀ tí àmì kan ti wá.

Ìdíje láàárín àwọn ham ló mú kọ̀ǹpútà wọ inú iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárín wákàtí 48 kò ráyè máa ṣí ìwé wò bóyá òun ti bá ẹni yìí sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Ken Wolff, K1EA, kọ ètò CT tó ń ṣe iṣẹ́ náà wàrà-wàrà. Àmọ́ bí ètò ṣe ń pọ̀ ni èdè wọn ń yàtọ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ ètò sì lè pàdánù àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní 1996 ni ADIF dé, ìlànà kan tí gbogbo wọn lè kà. Ẹni tó bá ṣí fáìlì rẹ̀ yóò rí irú èyí: <BAND:3>20M. Orúkọ àyè ló ṣáájú, iye lẹ́tà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Òun náà la ṣì ń lò.

Ní 2003, ARRL ṣí Logbook of The World. Oníredíò á fi ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà sí fáìlì rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́. Bí tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì bá bára mu, tí aago wọn kò sì fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yàtọ̀, ẹ̀rí ti pé. Aago yìí ló ń kó bá ẹni tó wà ní Dubai. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni gbogbo oníredíò ń kọ, Dubai sì fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Bí ẹnì kan ní fúláàtì kan ní Al Muteena bá ará Èkó sọ̀rọ̀ ní aago méjì òru ọjọ́ karùn-ún, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kẹrin ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ aago ara ògiri rẹ̀, ẹ̀rí wọn kò ní pàdé láéláé.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Dubai, ìwé àṣẹ TDRA, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ni ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn kó tẹ àmì A6 rẹ̀ sínú ètò, kó fi LL75 sí i, ìyẹn àyè Dubai lórí àwòrán ayé táwọn oníredíò pín (JJ16 ni ti Èkó), kó sì yan COM port tí wáyà USB rédíò rẹ̀ gbà wọlé. Ilé gíga, ẹ̀rọ amúlétutù àti iná LED ń da ariwo bo ìgbì láàárín ìlú bẹ́ẹ̀. FT8, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà, ló gba àwọn oníredíò ibẹ̀ là. Joe Taylor, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, àti Steve Franke ló gbé e jáde ní 2017. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ìpín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú ohun tí etí kò lè gbọ́. Àmọ́ bí aago kọ̀ǹpútà bá ti yẹ̀ díẹ̀, òfo ni.

Sharjah, Ẹ́mírétì tó múlé ti Dubai, náà dá sí ìtàn yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Nayif-1 gòkè láti Íńdíà, sátẹ́láìtì kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ American University of Sharjah àti Mohammed Bin Rashid Space Centre jọ ṣe. Nígbà tó fi wà lójú òfuurufú, ó máa ń gbọ́ ohùn àwọn ham ní 435 MHz, ó sì máa ń sọ ọ́ jáde ní 145. Nígbà náà, ẹni tó bá gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ní láti kọ ìgbì méjèèjì àti orúkọ sátẹ́láìtì náà láàárín àwọn ham, EO-88.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọlu ARRL, Logbook of The World sì dákẹ́ títí di oṣù Keje. Ẹni tó ní fáìlì ADIF rẹ̀ nílé kò pàdánù ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ kíkọ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú ṣì wà lọ́rùn wa. Ẹ̀yin tó ń to ètò tiyín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ yí aago rẹ̀ sí UTC, kí ẹ sì máa gbé ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fúláàṣì ní oṣooṣù.