Àwọn Tó Tan Iná Kónsáàtì ní Lọmé

Èmi ni mò ń bójú tó iná nígbà tí ìjọ wa bá ń ṣe eré olórin nítòsí ọjà Adawlato ní Lọmé. Àwọn eléré kónsáàtì (concert party) ló ṣíwájú wa. Láti Gánà ni eré kónsáàtì ti wá, níbi tí Bob Johnson ti dá ẹgbẹ́ Two Bobs sílẹ̀ ní Sekondi lọ́dún 1930. Ní Lọmé, ẹgbẹ́ Happy Star gbà á, wọ́n ń fi orin àti ẹ̀fẹ̀ ṣe é.

Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, àtùpà gáàsì ni àwọn eléré náà máa ń lò. Ọ̀dà funfun tí aláwàdà fi kun ẹnu àti ojú ló ń gba ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè rí i bó ṣe ń yínmú.

Eré wọn kan, Mister Tameklor, wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1981. Ẹ̀yin ará Lọmé, ẹ bá wa bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àwọn tó tan iná fún àwọn eléré wọ̀nyẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.