Agboolé Lórí Ayélujára

Ní Ọ̀yọ́ Aláàfin àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ènìyàn bá béèrè àdúgbò àwọn Hausa, Sábó ni wọn yóò júwe fún un. Inú èdè Hausa ni orúkọ náà ti wá: Sabon Gari, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Ọ̀rọ̀ ayélujára ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n Sábó ni mo fẹ́ kí a ti mú un. Lónìí, àwọn kan ń béèrè bí ènìyàn díẹ̀ ṣe lè ní ibi ìpàdé tiwọn lórí ayélujára, tí wọn yóò máa fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú, láìsí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn Sábó.

Sábó ti Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1916, ni a mọ ìtàn rẹ̀ jù, nítorí pé Abner Cohen kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1969. Obì ń lọ sí Òkè Ọya, màlúù ń bọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí gbogbo rẹ̀ sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni maigida, ìyẹn onílé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníṣòwò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ń sọ̀ sí. Òun ni ó ń bá a wá oníbàárà, òun náà ni ó sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún alápatà tí ó bá ra màlúù láwìn. Bí alápatà kò bá san owó, ilé maigida ni olówó yóò gbà lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà gbé irú ìgbé ayé yìí lẹ́yìn odi. Púpọ̀ nínú wọn ṣòwò dé àríwá Gold Coast, tí ó di Ghana, wọ́n sì kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mímọ ẹni tí a lè fọkàn tán kò sí lára ohun tí ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé.

Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé. Ní oṣù kejì ọdún 1978, ní Chicago ní Amẹ́ríkà, Ward Christensen àti Randy Suess gbé CBBS kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, tí a so mọ́ wáyà tẹlifóònù kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Yóò ka ohun tí àwọn aṣáájú rẹ̀ kọ sílẹ̀, yóò kọ tirẹ̀, yóò sì jáde kí ẹlòmíràn tó wọlé. Nígbà tí ó di 1984, Tom Jennings dá FidoNet sílẹ̀ láti so irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Lóru, nígbà tí owó ìpè bá dínkù, kọ̀ǹpútà kan á pe èkejì, á kó lẹ́tà fún un. Èkejì á pe ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá rántí bí a ṣe ń fi lẹ́tà rán awakọ̀ ní ibùdókọ̀ kí GSM tó dé ní 2001 kò nílò àlàyé mìíràn.

Nǹkan yìí wúlò fún Áfíríkà ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ, nítorí kò béèrè wáyà tí kì í já. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ọ̀nà FidoNet ni Yunifásítì Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àgbáyé. Ilé Randy Bush ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni ìpè wọn ń lọ, ibẹ̀ ni lẹ́tà sì ti ń bọ́ sínú ayélujára. Ilé ẹnì kan di ẹnubodè fún odidi yunifásítì! Kí ni a ó pe ọkùnrin yìí bí kò bá ṣe maigida?

Lẹ́yìn náà ni ọjà fẹ̀. Gopher, tí Yunifásítì Minnesota gbé jáde ní 1991, kò ju àkójọ ọ̀rọ̀ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ lọ. Ní 1993 ni wọ́n ní àwọn kan yóò máa sanwó lé e. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún kan náà, CERN fi ìtàkùn àgbáyé, èyí tí Tim Berners-Lee dábàá rẹ̀ ní 1989, sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ta ni yóò tún jókòó ti Gopher? Ìpolówó ọjà tẹ̀ lé e, àwọn tí ń ṣọ́ ohun tí ènìyàn ń kà sì tẹ̀ lé ìpolówó.

Èmi kò sọ pé ilé kékeré kì í jò o. Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní 2005. Èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré mọ́, ṣùgbọ́n bí agboolé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: ọ̀rọ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, ó sì fúyẹ́ lórí fóònù tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn kan já wọ inú rẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n fi tún un gbé dìde, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan sì ṣègbé. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ pé kí a sá lọ sọ́dọ̀ ilé ńlá, kí ó rántí GeoCities. Yahoo rà á ní 1999, ó sì tì í pa ní 2009. Àìmọye ojú ìwé tí àwọn ènìyàn fọwọ́ ara wọn kọ ni ìbá ti parẹ́, bí kò bá sí àwọn bíi Internet Archive tí wọ́n sáré kó ohun tí ọwọ́ wọn tó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba wa náà ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ẹni tí ibẹ̀ nìkan jẹ́ ojúde rẹ̀ sì di aláìnílé. Ilé méjèèjì ń wó. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ní ilé kékeré, a mọ ẹni tí a lè lọ bá.

Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ṣùgbọ́n ìráhùn ni a fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ráhùn. Ní 2016 ni wọ́n ṣí YorubaName, àkójọ orúkọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ránṣẹ́ sí, tí àwọn onímọ̀ èdè yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì ohùn wà lórí orúkọ, ìtumọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 2019 ni ẹnì kan tí ń jẹ́ Solderpunk bẹ̀rẹ̀ Gemini, ọ̀nà tí ó jọ Gopher, tí ọ̀rọ̀ àti ìsopọ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ojú ìwé rẹ̀ ń gbé. Ẹni tí ó bá ti rí ìwé Yorùbá tí kọ̀ǹpútà fi àmì ìbéèrè rọ́pò àwọn lẹ́tà rẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀ pé UTF-8 ni òfin Gemini ti yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Inú rẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ wà, pẹ̀lú àmì orí wọn.