Níbo ni Wọ́n ti Pàdé? Àtúnyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àdàpọ̀ Láàárín Schistosoma haematobium àti S. bovis

Láti ìgbà tí Huyse àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ wọn lórí aràn àwọn ọmọdé Senegal jáde ní 2009, ó ti di àṣà: ẹni tó bá rí aràn àtọ̀sí ajá tí mitochondria rẹ̀ jẹ́ ti S. bovis, aràn màlúù, tí ITS rẹ̀ (àmì kan lára DNA inú nucleus) sì jẹ́ ti S. haematobium, aràn ènìyàn, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdàpọ̀ ni. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti ní màlúù ló ń kó àrùn ran ọmọ ènìyàn. N kò gbà.

Ọ̀tọ̀ ni àdàpọ̀ òní, ọ̀tọ̀ ni ogún àtijọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni mitochondria ti ń wá. Bí abo bovis kan bá bá akọ haematobium bímọ lẹ́ẹ̀kan péré, tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń bá akọ haematobium lọ láti ìran dé ìran, mitochondria ìyá ńlá yìí lè má kúrò láé, nígbà tí ìyókù DNA rẹ̀ á máa dín kù ṣáá. ITS ń kọ́? Ọmọ ìran àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ òbí méjèèjì. Níbi tí ITS haematobium nìkan bá ti hàn, ó kéré tán, ọmọ ìran àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó fi àmì méjì péré ṣèdájọ́ dà bí ẹni tó gbọ́ oríkì ìyá àgbà, tó wá ń júwe ilé tí ọmọ-ọmọ ń gbé.

Platt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (2019) kò dúró lórí àmì méjì. Aràn Niger tí wọ́n yẹ̀ wò ní èérún DNA bovis lára, ti Zanzibar kò ní. Ìṣirò wọn gbé àdàpọ̀ náà sí ìran 108 sí 613 sẹ́yìn, wọn kò sì rí ọmọ àdàpọ̀ tuntun kankan. Èérún tó wà níbi jíìnì invadolysin sì gbilẹ̀ ní Niger, bí ohun tó ń ṣe aràn náà láǹfààní.

Kí àdàpọ̀ tó wáyé, aràn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdé. Ọ̀pọ̀ aràn pẹlẹbẹ, akọ-n-abo ni wọ́n. Ti Schistosoma yàtọ̀: akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Akọ ló ń ká ara mọ́ abo, tí ó ń gbé e sínú kòtò ikùn rẹ̀, nítorí náà inú ara ẹ̀dá kan náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pàdé. Haematobium ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ àyíká àpò ìtọ̀ ènìyàn, bovis nínú ti ìfun màlúù. Níbo wá ni wọ́n ti lè pàdé? N kò ní kò lè ṣẹlẹ̀ lónìí. Nínú hamster ilé àyẹ̀wò, wọ́n ń bímọ fún ara wọn. Bóyá eku odò ni alárinà wọn, àmọ́ ìyẹn tó àpilẹ̀kọ mìíràn.

Corsica, erékùṣù Faransé tí àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń fi bò wá lẹ́nu. Lóòótọ́, aràn odò Cavu jẹ́ àdàpọ̀, ó sì bá ti Senegal tan (Boissier àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, 2016). Ohun tí wọn kì í sọ ni pé nígbà tí wọ́n yẹ màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti eku erékùṣù náà wò, wọn kò bá a lára ìkankan. Ènìyàn àti ìgbín Bulinus truncatus ti tó o.

Nítorí náà, ọmọ iléèwé ni kí a ná owó praziquantel, oògùn aràn yìí, lé lórí, kì í ṣe agbo màlúù. Ẹni tó bá fẹ́ takò mí, kí ó mú ẹyin haematobium wá láti inú ìgbẹ́ màlúù, kí ó sì ka gbogbo DNA rẹ̀.