Zayd ọmọ Thabit àti Ohun tí Ó Há Sórí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ráhùn pé orí òun kì í gba nǹkan dúró. (Ẹni tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra nǹkan mẹ́ta lọ́jà, tí ó ra méjì bọ̀, mọ ohun tí mò ń wí.) Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọ̀dọ́ kan ní Mẹ̀dínà.

Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ṣí dé Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ọmọ ọdún 11 péré ni Zayd, ọmọ òrukàn sì ni. Síbẹ̀ ó ti há ju súrà mẹ́wàá lọ sórí. Ànábì ní kí ó kọ́ ìkọ̀wé àwọn Júù. Ní nǹkan bí ìdajì oṣù, ó ti mọ̀ ọ́n.

Orí rẹ̀ pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn Sàábè bá kọ́, wọn a máa kà á lórí ìrun, wọn a máa kà á fún ara wọn, àwọn akọ̀wé a sì kọ ọ́ sára egungun, awọ àti òkúta pẹlẹbẹ. Ní gbogbo oṣù Ràmàdáánì, Ànábì àti Málàíkà Jìbúrílù a jọ tún Al-Kùránì kà. Ní ọdún tí ó fi ayé sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Àwa wá ń ka ìwé lẹ́ẹ̀kan, a pa á dé!

Ẹni tó ti ṣe ilé kéú rí mọ irú iṣẹ́ yìí. A ó fi tàdáà kọ ọ́ sí wàláà, ọmọ á kà á títí, á sì kà á fún àfáà láìwò ó, kí a tó gbà á láyè láti fọ wàláà.

Ní nǹkan bí ọdún 633, ọ̀pọ̀ àwọn tó há Al-Kùránì sórí kú sí ogun Yamama. Ẹ̀rù ba Umar pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, púpọ̀ nínú Al-Kùránì lè bá wọn lọ. Ó ní kí Abu Bakr jẹ́ kí a kó o jọ. Abu Bakr kọ́kọ́ lọ́ra, kí ó tó gbà. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Zayd. Zayd ní bí wọ́n bá ní kí òun gbé òkè kúrò láàyè rẹ̀, ìyẹn ìbá fúyẹ́ jù ú lọ.

Ó lè jókòó kí ó kọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wá a lára ohun tí a kọ, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìparí Súrátù Taoba, ọ̀dọ̀ Abu Khuzayma nìkan ló ti rí i. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé èyí tí a kọ sílẹ̀ ló ń wá, nítorí ó ti wà lórí òun àti àwọn mìíràn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Abu Bakr ni ìwé náà wà títí ó fi kú, ó bọ́ sọ́wọ́ Umar, lẹ́yìn náà ó wà lọ́dọ̀ Hafsa, ọmọbìnrin Umar.