Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Tamale

Ní 1969, onímọ̀ ọrọ̀-ajé Michael Todaro tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìdí tí ará oko fi ń ya lọ sí ìlú ńlá. Ó ní ẹni tó ń lọ ti ṣírò owó oṣù tó lè rí níbẹ̀, àti bóyá iṣẹ́ yóò tètè bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo gbà fún un lórí ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ìṣírò yìí kò lè tú ohun tó dé bá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún náà gan-an.

Oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Tamale, lókè Gáná, kò dá lọ. Ìwé Strangers and Traders tí J. S. Eades gbé jáde ní 1993 fi hàn pé ọmọdé á tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, á bá a kiri ọjà láìgba owó oṣù. Bó bá tójú bọ́, ẹ̀gbọ́n á fún un lówó òwò, òun náà á sì ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò tirẹ̀ máa bọ̀. Agbo ilé ló ń rìn, tí owó rẹ̀ sì ń padà wá kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó di 1985 kí Oded Stark àti David Bloom tó kọ ọ́ pé ẹbí ló ń pinnu irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kí ewu má baà kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe é tipẹ́.

Ogun ló kọ́ wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, tú ní nǹkan bí 1836, Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọjà, Ọ̀yọ́ òní. Ògbómọ̀ṣọ́ sì gba ogunlọ́gọ̀ ará ìlú tó ti dahoro. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, tí kò ya Ọ̀yọ́, tí kò ya Ògbómọ̀ṣọ́; oníṣòwò ibẹ̀ sì ní láti wá ọjà lọ sókèèrè.

Ní oṣù Keje 1969, ìjà owó orí dé ààfin Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì pa ọba ìlú náà, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ìjọba Busia ní Gáná fún àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọjà di gbànjo, gbèsè tí wọ́n fi tà láwìn dúró sọ́hùn-ún. Lójú tèmi, àdánù yìí ju ti ẹni tó pàdánù iṣẹ́ lọ: owó òwò agbo ilé ló tú ká, ní ìlú tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná. Ètò ìdàgbàsókè tó ń ka oko àti owó orí nìkan kò lè rí i.

Àwọn tó kó ẹrù dé láti Tamale kò tíì pé ọdún 14 nílé nígbà tí ìjọba Shagari, ní oṣù Kìíní 1983, fún àwọn ará Gáná tó wà ní Nàìjíríà láìníwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì.