Gbà-má-bínú Kì í Ṣe Ìṣákọ́lẹ̀

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ọmọ tó gbàgbé ilé la máa ń fi bá wí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ènìyàn sílẹ̀ ná, kí a mú ọ̀rọ̀ odò gan-an. Ta ló ni ilẹ̀ tí odò ti ń ṣàn wá? Bí ìjọba bá sì ní kí ẹnikẹ́ni má dáko níbẹ̀ mọ́ nítorí omi tí gbogbo ìlú ń mu, kí ni onílẹ̀ yóò gbà dípò?

Ẹ dúró ní Tàkíé, láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ bi ẹni tó ń kọjá pé níbo ni omi ti ń wá. "Ẹ̀rọ" ni yóò wí, tàbí "kànga", tàbí "bọ̀hóòlù". Kò parọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í bí omi, gbígbé ló ń gbé e.

Ní ọdún 1964 ni wọ́n sé Odò Ọbà fún omi Ògbómọ̀ṣọ́, Ọbà tó ń jẹ́ orúkọ ìyàwó Ṣàngó, tó sì ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun orogún rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní 1961, ni wọ́n ti ṣe dáàmù Erelú fún ìlú Ọ̀yọ́. Adágún tí dáàmù Ọbà dá sílẹ̀ kò tóbi púpọ̀, bíi 138 hẹ́kítà ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òjò ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀ tó 321 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò: ilẹ̀ náà ju ìlọ́po igba adágún lọ. Bí adágún bá jẹ́ igbá, ilẹ̀ yẹn ni ọwọ́ tó ń bu omi sí i. Ìjọba lè fi wáyà yí igbá ká. Ta ni yóò fi wáyà yí ọwọ́ ká? Oko àwọn ènìyàn ni. Abúlé wọn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá wọn sí.

Iṣẹ́ tí igbó ń ṣe fún omi kò fara sin fún àgbẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sí inú igbó kì í sáré. Ewé orí igi gbà á, ewé ilẹ̀ gbà á, gbòǹgbò fà á wọlẹ̀, yóò sì máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Bí a bá wá gé igbó náà kanlẹ̀, tí a dáná sun ún, òjò kan náà yóò sáré wá gìrìgìrì, yóò kó yẹ̀pẹ̀ oko dání, yóò dà á sínú adágún. Odò yóò kún àkúnya nínú oṣù kẹsàn-án, yóò gbẹ nínú oṣù kejì. Adágún tí a gbẹ́ fún omi yóò wá di ti ẹrẹ̀. Kí ẹni tó gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Omi tí kò bá wọlẹ̀ lókè, kànga kò lè rí i fà nísàlẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti yọ̀ǹda ilẹ̀ rí, ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an. Ní 1936, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀, nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wà lórí ìtẹ́, wọ́n ya igbó apá òkè Odò Ògùn sọ́tọ̀. Ní 1941, wọ́n ya igbó Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Igbó ìjọba ìbílẹ̀ ni méjèèjì. Nígbà tó di 1952, wọ́n sọ wọ́n di igbó ààbò fún àwọn ẹranko. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ da méjèèjì pọ̀, ó sọ wọ́n di Old Oyo National Park. Ilẹ̀ náà jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ tí kò lólówó ni o. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ibi tí Aláàfin ti ń pàṣẹ kí ogun tó tú ìlú náà ní àwọn ọdún 1830. Àwókù odi ìlú ṣì wà níbẹ̀. Ìgbẹ́tì, Kíṣí, Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí àti àwọn ìlú mìíràn ló yí i ká, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń tọ́ka sí ibi tí bàbá ńlá wọn ti dáko.

Odò Ògùn gba inú igbó yìí kọjá. Ó dé adágún Ìkèrè lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ó dé Abẹ́òkúta, ó dé Èkó. Ní Akútè ni wọ́n ti ń fa omi Ògùn fún ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti ti Àdìyàn. Nítorí náà, bí ará Agége bá ṣí ẹ̀rọ tí omi sì dà, òjò tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí wà nínú ohun tó ń mu. Àbí ó mọ̀?

Ẹ wá wo bí àṣẹ lórí igbó náà ṣe rìn. Ó kúrò ní Ọ̀yọ́, ó gba Ìbàdàn, ó dé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Bó ṣe ń gòkè sí i ló ń jìnnà sí abúlé sí i. Èmi kò lè pe èyí ní pàṣípààrọ̀. Nínú pàṣípààrọ̀, nǹkan lọ, nǹkan bọ̀.

Òfin wá dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ìlú, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni yóò sanwó fún: ilé, igi, ohun ọ̀gbìn. Iye tí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tó lọ́jà kò sí nínú ìṣirò. Owó yìí ni àwọn ènìyàn wa sọ lórúkọ tó bá a mu: owó gbà-má-bínú. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí mọ̀ pé wọ́n ti ṣẹ onílẹ̀.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú òfin yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Abala kẹfà rẹ̀ sọ pé bí ilẹ̀ tí a gbà bá jẹ́ ilẹ̀ oko lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ wá ilẹ̀ mìíràn fún àgbẹ̀ náà, kó máa dáko lọ. Ilẹ̀ dípò ilẹ̀! Ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n níbo ni ìjọba ìbílẹ̀ yóò ti rí ilẹ̀ òfìfo? Bí kò bá ní in lọ́wọ́, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò lọ gbà, ìjà á kàn ṣí láti oko kan dé òmíràn ni.

Tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, ó máa ń bàjẹ́ gan-an. Dáàmù Bakolori ní ìpínlẹ̀ Sókótó ìgbà náà gba oko àti ilé àwọn àgbẹ̀. Wọ́n kùn pé owó tí wọ́n ṣèlérí kò dé, ilẹ̀ tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ kò dára. Wọ́n dínà. Ní oṣù kẹrin 1980, ọlọ́pàá kọlù wọ́n, wọ́n yìnbọn, ẹ̀mí ṣòfò. Omi tí wọ́n sé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ló di ohun tí àgbẹ̀ kú lé lórí.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà. Ẹ bá mi dé Alaska, ìpínlẹ̀ olótùútù ti Amẹ́ríkà ní ìhà àríwá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá, 1971, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin tó fún wọn ní éékà ilẹ̀ mílíọ̀nù 44 àti owó tó tó mílíọ̀nù 962.5 dọ́là. Wọn kò kó o fún baálẹ̀ kankan. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ alájọni sílẹ̀, àwọn ńlá ti agbègbè àti àwọn kéékèèké ti abúlé, orúkọ ọmọ onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé pẹ̀lú ìpín tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Cook Inlet Region. Nígbà tí wọ́n fi ilẹ̀ tó kù hàn án, orí òkè àti yìnyín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò gbà. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbẹ̀yìn, àwọn mẹ́ta jókòó: ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ Alaska àti ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn ní oṣù kejìlá 1975, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 1976. Ilé-iṣẹ́ náà jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ adágún Lake Clark, ó gba ilẹ̀ mìíràn tó wúlò fún un. Ní 1980, Lake Clark di ọgbà orílẹ̀-èdè. Òfin tó dá a sílẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba: kí wọ́n lè dáàbò bo ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn wá, kí ẹja sámọ́nì Bristol Bay má baà run.

N kò sọ pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Òfin 1971 yẹn pa ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹ̀tọ́ ẹja tí wọ́n jogún rẹ́, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i kò sì ní ìpín ní tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ní tí àwa kò ní: ìwé lọ́wọ́, agbára láti sọ pé "rárá", àti nǹkan gidi tí a fi dípò.

New York náà kọ́gbọ́n, ó pẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe adágún Ashokan fún omi ìlú náà láti 1907, tipátipá ni wọ́n fi kó àwọn ará abúlé kúrò, wọ́n tilẹ̀ hú sàréè òkú wọn. Inú ń bí àwọn ará òkè odò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1997 wọ́n ṣe àdéhùn tuntun. Ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà nìkan ni ìlú New York yóò ti ra ilẹ̀, ní iye tó tó lọ́jà, yóò sì máa san owó orí ilẹ̀ náà fún àwọn ìlú òkè odò lọ́dọọdún. Èyí dín owó kù fún un ju kó kọ́ ilé ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa sẹ́ omi náà lọ.

Owó ọdọọdún! Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣebí a ní orúkọ fún un. Bí àlejò bá gba ilẹ̀ dáko lọ́dọ̀ onílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san. Ó lè jẹ́ iṣu, ó lè jẹ́ epo. Kì í ṣe iye ilẹ̀, nítorí onílẹ̀ kò tà á. Ohun tó ń sọ ni pé, "Mo mọ̀ pé ìwọ lo ni ín." Gbà-má-bínú ń pa ọ̀rọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán, ọdọọdún ni àlejò àti onílẹ̀ ń rí ojú ara wọn.

Omi ni àlejò lórí ilẹ̀ àwọn ará òkè odò. Àwa tí à ń mu ún ló yẹ kí a san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Kí díẹ̀ nínú owó omi Èkó àti Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ máa padà sí abúlé tó fi igbó sílẹ̀: ní ilé ìwé, ní ọ̀nà, ní iṣẹ́ aṣọ́gbó fún ọmọ ibẹ̀ dípò ẹni tí a rán wá láti òkèèrè. Kí a sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ bíi ti Alaska, torí onílẹ̀ náà kì í ṣe máláíkà. A mọ olórí ẹbí tó ń dá ilẹ̀ tà lóru, tí àbúrò ń gbọ́ ọ lọ́jà.

Ẹni tí igbó ń bọ́ ni yóò ṣọ́ igbó. Ẹni tí igbó pa lébi, àáké ni yóò gbé wọ̀ ọ́, wáyà ìjọba kò ní dá a dúró. Ọjọ́ tí ó bá sì gé e tán, kò ní wá sọ fún wa ní Tàkíé. Ẹ̀rọ ni yóò sọ ọ́.