Iná Gáàsì Ẹ̀gbẹ́ Wárì

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Afiesere, lẹ́bàá Ughelli tí kò jìnnà sí Wárì, àwọn obìnrin Urhobo máa ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ kúrò síwájú iná gáàsì kí ó lè gbẹ. Iná tó ń ké ramúramù tọ̀sán-tòru ni ààrò wọn. Ooru rẹ̀ ń gbá wọn lójú bí wọ́n ti ń yí ẹ̀gẹ́ náà padà.

Gáàsì yìí máa ń bá epo rọ̀bì jáde nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n rí epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, tí wíwà á tàn dé agbègbè Wárì, dídáná sun gáàsì ló rọ àwọn iléeṣẹ́ lọ́rùn ju kíkó o jọ lọ.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ láti lo gáàsì kò sí. Lọ́dún 1966 ni iléeṣẹ́ mànàmáná Ughelli bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gáàsì ló sì ń yí ẹ̀rọ rẹ̀. Òfin ọdún 1979 ní kí sísun gáàsì dópin ní oṣù kìíní ọdún 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá fún láṣẹ. Àṣẹ yẹn ló sọ òfin di yẹpẹrẹ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dá àwọn ará abúlé Iwherekan ní agbègbè Wárì láre: sísun gáàsì tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí ìwàláàyè lójú mọ́lẹ̀.

Iná náà kò kú.

Títí dòní, páìpù ń gbé gáàsì láti Escravos, létí òkun agbègbè Wárì, lọ dá iná mànàmáná ní Ẹgbin, l'Ékòó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ní abúlé ẹ̀gbẹ́ Wárì ṣì ń fẹ́ná igi lábẹ́ ìkòkò.